Ìṣirò ní 1.57, Hall probe ní 0.44: ṣé àkàrà YBCO mi ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú físíìsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún mi ní àkàrà YBCO kan, ìyẹn ohun amọ̀ roboto tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà tó bá tutù gan-an. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 25 mm, ó nípọn tó 10 mm. Ìwé tó bá a wá sọ pé Jc rẹ̀ (iná tó pọ̀ jù tó lè gbé) ní 77 K (kelvin, ìwọ̀n òtútù) jẹ́ 10,000 A/cm². Mo fi fọ́múlà Bean ṣírò ó, mo rí 1.57 T (tesla, ìwọ̀n agbára òòfà). Mo wá gbé àkàrà náà sáàárín òòfà ńlá oníná tó wà ní 1.5 T, mo fi náítírójìn olómi tù ú, mo rọra dín òòfà ńlá náà kù títí tó fi di òdo, mo sì gbé Hall probe, ohun tí a fi ń wọn òòfà, lé àárín ojú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú méjì, 0.44 T péré ni mo bá. Nígbà tó fi máa di ogún ìṣẹ́jú, ó ti di 0.41. Ṣé ó ti sán nínú ni? Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á? Ọ̀gá mi ní kí n fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe rẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì dá ọjà ọlọ́jà padà. Bí mo ṣe ń wò ó, kò sí ohun tó ṣe àkàrà rẹ, Hall probe rẹ náà ò sì parọ́. 1.57 yẹn ni ká kọ́kọ́ pè jókòó, torí pé ohun tí fọ́múlà yẹn ń sọ kọ́ lohun tí o lọ wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àwọn tó kàn ń bá wa kà á dání. YBCO jẹ́ ohun amọ̀ tí wọ́n fi yttrium, barium, bàbà àti ọ́síjìn sun. Ó dúdú bí èédú, ó sì wúwo lọ́wọ́ ju bí èèyàn ṣe máa rò lọ. Ọdún 1987 ni ẹgbẹ́ Maw-Kuen Wu àti Paul Chu ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tó bá ti tutù kọjá nǹkan bí 92 K, iná máa ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan. Ohun tó sọ ọ́ di ìròyìn ni pé náítírójìn olómi, tí kò wọ́n, ń hó ní 77 K. Kò sí pé à ń lo hílíọ́ọ̀mù olówó iyebíye mọ́.

Tí a bá tù ú nígbà tí òòfà mìíràn wà lára rẹ̀, tí a sì mú òòfà yẹn kúrò, àwọn fọ́nrán òòfà tó ti wọ inú rẹ̀ kì í ráyè jáde. Inú rẹ̀ kún fún àbùkù kéékèèké, pàápàá àwọn hóró kan tí wọ́n ń pè ní Y-211 tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dà mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń sè é. Àwọn hóró yẹn ni èèkàn, àwọn fọ́nrán òòfà sì ni ewúrẹ́ tí a so mọ́ ọn. Ewúrẹ́ fẹ́ máa lọ, èèkàn ò gbà. Nítorí pé fọ́nrán pọ̀ láàárín ju etí lọ, iná kan ń yí po inú àkàrà náà láìdáwọ́ dúró, iná yẹn ló sì ń gbé òòfà ró. Ibi tí agbára èèkàn mọ nínú dídá iná yẹn dúró ni à ń pè ní Jc.

Charles Bean, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí General Electric, ló mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún wa ní 1962. Ó ní ká gbà pé níbikíbi tí iná bá ti ń ṣàn nínú irú ohun bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n Jc gan-an ló fi ń ṣàn, kò dín, kò lé. Ẹni tó bá ti wo ìyá tó ń ta gàrí dáadáa ti mọ àwòṣe Bean. Ó ń bu gàrí lé orí kọ́ńgọ̀ títí á fi yọ ṣóńṣó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkìtì yẹn ní ibi tó mọ. Tó bá tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan kún un, ńṣe ló máa ya sílẹ̀. Tó bá fẹ́ kí ṣóńṣó náà ga sí i, àfi kó wá igbá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju kọ́ńgọ̀ lọ. Jc ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ìdajì ìbú àkàrà, tí à ń pè ní R, sì ni fífẹ̀ igbá. Ibẹ̀ ni B = μ₀JcR ti wá (B ni agbára òòfà, μ₀ sì ni nọ́ńbà kan tí kì í yí padà), ibẹ̀ náà sì ni 1.57 rẹ ti wá. Ìṣirò rẹ pé pérépéré.

Àmọ́ ti òpó ni. Òpó tó gùn débi pé kò lópin, tí èèyàn sì dúró ní àárín gbùngbùn inú rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe òpó, àkàrà ni. Ìbú rẹ̀ ju nínípọn rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ìwọ náà ò sì sí nínú rẹ̀, orí rẹ̀ lo wà. Gbogbo iná tó ń yí po wà lábẹ́ rẹ, kò sí ìkankan lókè. Fún irú àkàrà bẹ́ẹ̀, tí a bá ṣì gbà pẹ̀lú Bean pé Jc kò yí padà, òòfà tó wà láàárín ojú rẹ̀ gan-an ni:

B = (μ₀Jc t / 2) × ln[ R/t + √(1 + (R/t)²) ]

t ni nínípọn. Fi nọ́ńbà tìrẹ sí i: μ₀Jc t/2 jẹ́ 0.63 T, ln tó tẹ̀lé e sì jẹ́ 1.05. Ìdáhùn rẹ̀ ni 0.66 T. Nínú ikùn àkàrà kan náà, ní ìdajì nínípọn rẹ̀, ó jẹ́ 1.03 T, àmọ́ o ò lè gbé Hall probe débẹ̀ láìjẹ́ pé o lu ú. O rí i pé a ò tíì fọwọ́ kan ohun èlò kankan tí 1.57 ti di 0.66.

Ó ku bí 0.66 ṣe di 0.44. Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí, torí pé ibẹ̀ ni mo ti pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Gbé Hall probe rẹ wá sójú. Ohun tó ń mọ òòfà nínú rẹ̀ kéré ju hóró ìrẹsì lọ, kò sì sí lójú ike tí ò ń rí. Ó rì sínú rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tún lè ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tó gbé e dání, kí ìwọ náà sì fi téèpù bo ojú àkàrà kó má baà ha. Tó o bá ti gbé e jáde kúrò nínú náítírójìn lẹ́ẹ̀kan, tó o sì dá a padà, afẹ́fẹ́ á ti fi ìrì dídì sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń gbé ohun tó ń wọ̀n jìnnà sí ojú àkàrà. Pe àpapọ̀ ìjìnnà yẹn ní z. Fọ́múlà wa á wá di:

B(z) = (μ₀Jc/2) × { (z+t) ln[(R + √(R² + (z+t)²))/(z+t)] − z ln[(R + √(R² + z²))/z] }

Mo ti bá ọ ṣe é fún àkàrà rẹ. Lójú rẹ̀ gan-an, 0.66 T. Ní ìdajì mílímítà, 0.54. Ní mílímítà kan, 0.47. Ní mílímítà méjì, 0.37. Wo bó ṣe ń já wálẹ̀! Láti ìdajì mílímítà sí mílímítà kan, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Ìdajì mílímítà ọ̀hún ò tó nínípọn káàdì báǹkì kan o. Ní tèmi, gọ́ọ̀mù ni. Mo ti pààrọ̀ wáyà, mo ti pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka fóltì, mo tiẹ̀ ti ń fojú burúkú wo ẹni tó sè àkàrà náà, kó tó di pé mo ti probe náà sábẹ́ awò, mo sì rí gọ́ọ̀mù tí èmi fúnra mi fi lẹ̀ ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí oorun ń kùn mí.

Torí náà, tí z rẹ bá jẹ́ mílímítà kan, tó sì sábà máa ń sún mọ́ ọn, 0.44 rẹ ń sọ pé Jc àkàrà náà lápapọ̀ jẹ́ bí 9,300 A/cm². Ìwé olùtajà ní 10,000. Ta ló ń dá irú ọjà yẹn padà? Kí n sì sọ òótọ́, mo retí kó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé nọ́ńbà Jc tó máa ń wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ègé kékeré kan tí wọ́n gé nítòsí ibi tí wọ́n fi hóró irúgbìn kírísítáálì sí, ibi tí ohun náà ti dára jù. Bó ṣe ń jìnnà sí hóró irúgbìn yẹn, Jc máa ń yí padà. Bákan náà, òòfà fúnra rẹ̀ ń sọ èèkàn di aláìlágbára: ibi tí òòfà bá ti pọ̀, Jc máa ń dín kù.

Ọ̀nà tó o gbà fi òòfà sí i náà dára. Láti kún àkàrà yìí dénú, òòfà tó o fi tù ú gbọ́dọ̀ tó 1.03 T ó kéré tán, tìrẹ sì jẹ́ 1.5. Ká ní o kọ́kọ́ tù ú láìsí òòfà, kó o tó wá gbé òòfà náà sókè, kó o sì tún gbé e wálẹ̀, ìlọ́po méjì lò bá nílò, ìyẹn ju 2 T lọ, 1.5 rẹ ò bá sì fi àárín sílẹ̀ ní kíkún tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku 0.44 tó di 0.41. Ìyẹn kì í ṣe àléébù, ìwà rẹ̀ ni. Ooru 77 K kéré lójú wa, àmọ́ ó tó láti máa mi ewúrẹ́ títí ọ̀kan á fi já okùn níbì kan, tí òmíràn á tún já níbòmíì. Padà sọ́dọ̀ ìyá oní-gàrí: tí ọmọ kan bá ń gbo tábìlì rẹ̀, òkìtì náà á máa ya díẹ̀díẹ̀, kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á máa falẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí àkókò bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ìdá kan náà ló ń sọ nù. Láti ìṣẹ́jú méjì sí ogún, o pàdánù ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ogún sí igba ìṣẹ́jú, wàá tún pàdánù ìdá 7, á di 0.38. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí náítírójìn ò bá tán, wàá ṣì bá bí 0.33 níbẹ̀. Tó o bá fẹ́ kó dúró, fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ orí náítírójìn náà lẹ́yìn tó o ti fi òòfà sínú àkàrà tán, kó tutù díẹ̀ sí i, bíi 70 K. Á dúró pa.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú nọ́ńbà méjì yẹn ni pé o ti wọn nǹkan kan láìmọ̀. Àwọn tó ń ṣe àwòṣe ń lo òfin E = E₀(J/Jc)ⁿ, níbi tí J ti jẹ́ iná tó ń ṣàn, E jẹ́ pápá iná tó ń tì í, E₀ sì jẹ́ 1 µV/cm. Ìyára yíya yẹn ló ń sọ n fún wa: fi ìyàtọ̀ ln àkókò pín ìyàtọ̀ ln òòfà, ohun tó o bá rí sún mọ́ 1/(n−1). Tìrẹ fún wa ní n tó tó 33. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fi 20 tàbí 21 sínú kọ̀ǹpútà wọn torí pé ẹni tó ṣáájú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ ní tìrẹ.

Hall probe náà ò lọ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ o. Ṣé inú ìgò náítírójìn lo ti yẹ̀ ẹ́ wò, àbí orí tábìlì? Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ ti ilé tó gbóná, ó sì lè yàtọ̀ ní 77 K. Wé kọ́ìlì bàbà tó o mọ iye ìlọ́po rẹ̀, rì í sínú náítírójìn pẹ̀lú probe náà, kó o fi ìṣirò kọ́ìlì yẹ̀ ẹ́ wò. Ka òdo rẹ̀ níbi tí kò sí òòfà. Ní gbogbo ibi tó o bá ti wọ̀n, yí iná tó ò ń fi sínú probe padà, ka fóltì lẹ́ẹ̀kejì, kó o fi ọ̀kan yọ ìkejì kó o tó pín in sí méjì, kí fóltì tí òtútù àti ooru ń dá sílẹ̀ nínú wáyà lè pa ara wọn rẹ́.

Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó sán lóòótọ́, wíwọn àárín nìkan ò lè sọ fún ọ. Rìn káàkiri ojú rẹ̀, mílímítà kan lẹ́ẹ̀kan, 31 níbùú, 31 lóròó. Ìyẹn jẹ́ ibi 961. Tó o bá lo ìṣẹ́jú àáyá méjì níbì kọ̀ọ̀kan, bí ìdajì wákàtí ni. Rántí ewúrẹ́ tó ń já okùn: tó o bá bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì, ibi tó o wọ̀n kẹ́yìn á ti fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí bó ṣe wà nígbà tó o bẹ̀rẹ̀, àwòrán rẹ á wá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dúró fún wákàtí kan kó o tó bẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ náà ò ní ju ìdá kan àti díẹ̀ lọ. Tí àkàrà náà bá pé, ṣóńṣó kan ṣoṣo lo máa rí láàárín, pẹ̀lú òkè tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tó ti ibẹ̀ lọ sí etí bí orígun mẹ́rin, torí pé bí kírísítáálì náà ṣe dàgbà nìyẹn. Tó bá sán, ṣóńṣó á di méjì, àfonífojì á sì wà láàárín wọn.

Ní ti àwòṣe, má sáré lọ sínú COMSOL, ètò kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fi ń ṣe é. Fọ́múlà z tí mo kọ sókè yẹn ti gbé ọ dé ibi tó o ń lọ fún iṣẹ́ 77 K. Lẹ́yìn rẹ̀, gé àkàrà náà sí òrùka-òrùka nínú Python, fi Jc = Jc₀/(1 + B/B₀), òfin Kim tó ń sọ bí òòfà ṣe ń dín Jc kù, sí òrùka kọ̀ọ̀kan, kó o máa tún un ṣe títí nọ́ńbà ò fi ní yí mọ́. Ìgbà tó o bá fẹ́ rí bó ṣe ń ya pẹ̀lú àkókò lo tó nílò òfin n yẹn àti H-formulation, ọ̀nà ìṣirò tó ń wá pápá òòfà H ní tààrà: ìdajì àgékù àkàrà ló o máa yà, afẹ́fẹ́ tó yí i ká á gba ìdènà iná ńlá kan tó o kàn fún un, wàá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.5 T níbi gbogbo, wàá sì máa dín etí kù sí òdo. Kó o tó gba ohunkóhun tó bá sọ fún ọ gbọ́, yọ òfin Kim kúrò, gbé n lọ sí ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá fún ọ ní nǹkan tó sún mọ́ 0.66 lójú àkàrà, àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ooru kò kàn ọ́ àfi tó o bá fẹ́ fi òòfà tó ń wá lójijì tó sì ń lọ lójijì ṣe é, bí ẹgbẹ́ Fujishiro ṣe ṣe ní Iwate ní Japan, tí wọ́n dé 5.2 T ní 2006. Níbẹ̀, fọ́nrán ń sáré wọlé débi pé àkàrà náà ń gbóná, Jc sì ń já. Kò sí bí èèyàn ṣe máa yọ ooru kúrò nínú ìyẹn.

O lè ti kà á pé àwọn kan ti dé 17 T, kí ọkàn rẹ sì rẹ̀wẹ̀sì. Tomita àti Murakami ní Japan dé 17.24 T ní 29 K ní 2003. Ẹgbẹ́ John Durrell láti Cambridge dé 17.6 T ní 26 K, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, ilé òòfà ńlá tó wà ní Tallahassee ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Àkàrà tiwọn ò fẹ̀ ju tìrẹ lọ ní pàtàkì. Àmọ́ wọ́n tutù gan-an ju 77 K lọ, Jc wọn sì ga fíofío. Àárín àkàrà méjì tó dojú kọ ara wọn ni wọ́n tún ti wọ̀n ọ́n. Gbé àkàrà mìíràn bíi tìrẹ lé tìrẹ lórí, 0.66 á di 1.32 nínú ìṣirò Bean láìtiẹ̀ fi kún òtútù. Ohun tó ń bá wọn jà kì í ṣe èèkàn mọ́ nígbà yẹn, agbára òòfà tó fẹ́ fa àkàrà náà ya ni. Ohun amọ̀ ni, kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fà á. Àwọn ará Japan fi resini dí gbogbo ihò inú tiwọn, àwọn ará Cambridge fi òrùka irin gbígbóná wọ tiwọn, tí irin náà sì súnkì mọ́ ọn bó ṣe ń tutù.

Tìrẹ náà ò nílò 17 T kó tó sán. Mo ti jù ọ̀kan sínú náítírójìn tààrà rí, mo sì gbọ́ “tá” kékeré kan tí mi ò ní gbàgbé. Jẹ́ kó dúró lókè ojú náítírójìn náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí èéfín tútù máa lù ú, kó o tó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Tó o bá gbé e jáde, fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ gbẹ ẹ́ kíákíá, torí pé omi ń jẹ YBCO. Kó o sì ṣí fèrèsé, náítírójìn máa ń lé ọ́síjìn kúrò nínú yàrá kékeré láìfohùn.

Wọn z rẹ lábẹ́ awò kó o tó ṣe ohun mìíràn. Tó o bá ti ya àwòrán ojú àkàrà náà, fi òun àti z ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ wo òkè tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin yẹn.